Máṣìnnì Tí Kò Tọ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù onípákó kan létí omi ní Aráròmí, máṣìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí wọ́n ń gùn bí ọ̀kadà dúró, ó ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi tí wọ́n là sí méjì. Ọlọ́rundáre, tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe láti ọdún méjìlélógún, tí gbogbo èbúté ń pè ní Injiníà, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Rhoda tó ni máṣìnnì náà, ọmọ ìyá oníṣòwò ẹja kan, wọlé wẹ́rẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Injiníà. Kí ló dé tí máṣìnnì mi ń fọ ẹsẹ̀?"

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń fọ̀. Mò ń dán an wò ni. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo pọ̀ mọ́ ọ́ìlì tí mo ń dán wò láìjẹ́ pé ìdí rẹ̀ wà nínú omi."

"Ṣùgbọ́n orí iyanrìn ni èyí ti ń sáré."

Ọlọ́rundáre wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo táyà. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà dúrọ́ọ̀mù débi pé kì í bi orí léèrè mọ́.

"Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìrírí," ó ní. "Ìwọ ṣáà bá mi wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé ó ń tọ̀?"

"Ta ni kó tọ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì! Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ bá le máa ń tọ omi jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúrúrú. Gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté yìí ló ń tọ̀. Èyí ò tọ̀ láti ọjọ́bọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá."

"Injiníà, inú rédíétọ̀ ni omi tirẹ̀ ń yí sí. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń tọ̀, ó ti jò nìyẹn."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ fi hàn mí nínú fóònù yín lọ́jọ́ Àìkú."

"Ẹn-ẹ́n. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣì rántí ni."

Àwọn méjèèjì gbé máṣìnnì kúrò nínú dúrọ́ọ̀mù. Ọlọ́rundáre fi ẹsẹ̀ ta á. Ó ké fáààà, èéfín bo ṣọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni máṣìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

"Ó tún ti kú," ni Rhoda wí.

"Kò kú. Ó ń sinmi."

"Injiníà, aago méjì ti kọjá. Aago mẹ́rin ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìdíje eré máṣìnnì. Àwọn ará Màhíntẹ́dó tí mo fẹ́ bá díje ti dé etíkun, máṣìnnì tiwọn ń bú ramúramù. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tuntun ni wọ́n fẹ́ fún ẹni tó bá ṣáájú, ẹ sì mọ̀ pé àjẹ̀ ni ìyá mi fi ń wa ọkọ̀ ẹja lọ sọ́jà láti ọdún mẹ́ta. Lálẹ́ àná, kò lè gbé ọwọ́ sókè tú gèlè. Èmi ni mo bá a tú u."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọlọ́rundáre lára. Orí rẹ̀ ní kó sọ pé òun ò mọ ohun tó ń ṣe máṣìnnì yìí. Ẹnu rẹ̀ ò gbọ́.

"Fọkàn balẹ̀. Mo ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ṣé pọ́lọ́ọ̀gì ti bàjẹ́ ni?"

"Ó dára gan-an."

"Kí lẹ wá pààrọ̀ rẹ̀ sí?"

"Òmíràn tó dára. Wò ó, Rhoda, má fojú kéré iṣẹ́ tí mo ṣe sára nǹkan yìí. Ta ló jó ẹ́sọ́ọ̀sì oníkùn ńlá mọ́ ọn? Ta ló fẹ ẹnu kábúrétọ̀ rẹ̀? Kí n tó fọwọ́ kàn án, bí ewúrẹ́ ló ń rìn!"

"Ewúrẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ yẹn ń dé ibi tó ń lọ."

Ọlọ́rundáre yíjú sí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó mú sípánà, ó sì fi kan nǹkan kan tí kò bèèrè fún sípánà.

"Mo pàdé Táyé ọlọ́kọ̀ ojú omi lọ́nà," ni Rhoda tún wí. "Ó gbé táńkì epo lérí, ó ń yí èbúté ká, ó ń pariwo pé, 'Kò sí ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, èmi ni nǹkan ń ṣe.'"

Ojú Injiníà là. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ọn.

"Ó yẹ ẹ́! Àárọ̀ yìí ló wá bá mi pé ẹ́ńjìnnì òun ń kú lójú omi. Mo débẹ̀, kò ṣí imú táńkì! Bí táńkì ò bá rí afẹ́fẹ́ fà, ṣé epo á wá sọ̀kalẹ̀? Òfin mi ni, kò sí ẹni tó ga jù ú lọ: ẹni tó bá di imú táńkì, tó wá fi ẹ̀sùn kan ẹ́ńjìnnì, á gbé táńkì náà lérí yí èbúté ká. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀."

"Báwo ni tirẹ̀ ṣe ń kú?"

"Á jí, á sáré díẹ̀, á kú. Bí wọ́n bá ṣí ọmọrí táńkì tí wọ́n dé e padà, á tún jí."

Rhoda wo máṣìnnì. Ó wo Injiníà. Ó rọra sún mọ́ táńkì.

"Injiníà, kí lẹ ṣe kó tó jí lẹ́ẹ̀kan?"

"Mo ṣí ọmọrí kí n lè wo epo."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo dé e padà."

"Ṣé máṣìnnì yìí náà ní imú?"

"Ó ní in. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lórí ọmọrí yẹn ni."

"Kí ló wà lẹ́nu rọ́bà náà?"

Ọlọ́rundáre tètè fi ọwọ́ bò ó. Ó ti rántí. Lọ́jọ́bọ̀, ó gé léfòó, fóòmù funfun tó ń gbé àwọ̀n lé omi, díẹ̀, ó fi dí ẹnu rọ́bà kí omi iyọ̀ má baà ta wọ inú epo. Ó tilẹ̀ kan sáárá sí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Nǹkan funfun ni mo rí."

"Ààbò ni. Ọgbọ́n àwọn àgbà mẹ́káníìkì ni."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

Orúkọ Táyé ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ìdajì èbúté ló máa gbà á gbọ́, nítorí ta ni kò mọ ìwà Táyé? Ṣùgbọ́n ó rántí gèlè tí ìyá Rhoda kò lè tú fúnra rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí rọ́bà.

"Èmi ni."

Ó fa léfòó yọ. Táńkì fa afẹ́fẹ́ sínú fííì, bí ẹni tó yọ orí lómi. Ó ta ẹ́ńjìnnì. Ó ké fáààà! Àwọn méjèèjì dúró, wọn ò mí. Ó ń ké lọ. Ọlọ́rundáre kọ ẹsẹ orin ìdúpẹ́ kan nínú ọkàn rẹ̀, ó kọ èkejì, ó kọ ẹ̀kẹta. Ó ṣì ń ké. Inú rẹ̀ dùn, ojú tì í, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Rhoda ti fò gun máṣìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Rhoda, ọmọ dáadáa, ṣé o ò ní sọ fún Táyé?"

"Mi ò ní sọ fún un, Injiníà."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó o ṣáájú wọn. Ìwọ náà wò ó: táńkì ọkọ̀ ni òfin yẹn wà fún. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de èyí mọ́ máṣìnnì, kò ṣeé gbé lérí."

"Kò ṣeé gbé lóun nìkan, òótọ́ ni."

Ó yí máṣìnnì sí ọ̀nà etíkun, ó sì gbé ohùn sókè kó lè borí ariwo ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ máa ká òṣùká sílẹ̀, sà, kó nípọn dáadáa! Bí mo bá dé, odindi máṣìnnì yìí lẹ máa rù, Táyé ni yóò sì gbé e rù yín!"