Bákónì Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Ọba Yorùbá ní Moshie Zongo, àdúgbò àwa àlejò lẹ́yìn odi, lánàá, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo jókòó, ẹ̀rín ìbá gbé mi ṣubú.

Alhaji Ọlágúnjú, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ló pe Bọ́dúnrìn, ọmọ Òṣogbo tó ń ta fóònù, lẹ́jọ́. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé: Alhaji wà nísàlẹ̀, Bọ́dúnrìn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Kábíyèsí, ọmọ yìí fẹ́ẹ́ pa mí."

"Ìbọn ló yọ sí yín ni àbí ọ̀bẹ?"

"Ó ń kí mi ni."

Ọba ní kó ṣàlàyé.

"Ó fọ́ fèrèsé rẹ̀ di ilẹ̀kùn, ó kan pákó mọ́ ògiri síta, ó ní bákónì ni. Abẹ́ ibẹ̀ ni mo ti ń mu kókó mi, ògì gbígbóná, láti ogójì ọdún. Àga méjì ló wà níbẹ̀, tèmi àti ti ìyàwó mi tó ti kú. Wallahi, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pákó: 'Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá!' Pákó á mì, eruku á bọ́ sínú kókó mi. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ìṣó ni mo bá nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Kábíyèsí. Mi ò fẹ́ kí ìkíni pa mí."

Bọ́dúnrìn ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ̀kọ́ ilé ló fà á. Láti ojú fèrèsé, orí mi nìkan ni Bàbá ń rí. Wọ́n lè rò pé mo dúró. Mo ní kí n kọ́ ibi tí wọn ó ti máa rí gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ mi."

"Ṣé kò sí àtẹ̀gùn nílé yín ni?"

"Ó wà, Kábíyèsí. Mẹ́rìndínlógún ni. Kí n tó sọ̀ ọ́ tán, ẹ káàárọ̀ á ti di ẹ káàsán."

Ìjòyè kan bi í: "Nínú ìwọ àti Bàbá, orí ta ló wà lókè?"

"Orí tèmi ni, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ríba."

Wọ́n pe Afia, alájọgbé wọn, ọmọ onílẹ̀ tó ń pe ọba ní Nana.

"Nana, mi ò rí kí nǹkan kan já bọ́ níbẹ̀ rí."

"Kí ni báńdéèjì orí rẹ yẹn?"

"Pákó ló bà mí. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i, mi ò rí i."

Ó kan Kwaku, káfíńtà tó kọ́ ọ, ọmọ onílẹ̀ láti Krofrom tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa lọ.

"Nana, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi kì í bàjẹ́. Màlúù mẹ́ta lè jó lórí ẹ̀."

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ, kí o lọ dúró lórí rẹ̀."

"Ei, Nana! Mo bímọ o."

"Ṣé màlúù ò bímọ ni?"

Ọba wá dájọ́.

"Bọ́dúnrìn, ẹ̀kọ́ ilé rẹ wú mi lórí. Láti ọ̀la, ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wàá máa dọ̀bálẹ̀ lórí bákónì yẹn láràárọ̀, iye ọdún Bàbá. Alhaji á sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Kwaku ni yóò máa jókòó lábẹ́ ibẹ̀. Ààfin ni yóò ra kókó àti kóósè, àkàrà tí wọ́n fi ń mu ún, fún un."

Kwaku ti dìde. "Nana, ẹ jẹ́ kí n lọ mú òòlù mi."

Kí wọ́n tó pe ìrun Ásárì, bákónì ti di igi ìdáná.

Láàárọ̀ yìí, mo ya ibẹ̀. Bọ́dúnrìn sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀. Alhaji wo òkè, ó wo inú kókó rẹ̀, ó wá fi ẹsẹ̀ sún àga ìyàwó rẹ̀ fún un.

Bọ́dúnrìn jókòó, ó tọ́ kókó wò. "Bàbá, ó dà bíi pé ó ku nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Ìṣó ni," Alhaji dáhùn.