Ọjọ́ Tí Ọlẹ̀ Sọ

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Oyún mi ń parí oṣù kẹrin lọ nígbà náà. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti wálẹ̀ lóṣù kejì, lẹ́yìn tí gbogbo ará àdúgbò wa ní Bẹẹrẹ ti bá wa yọ̀ tán, ó sì dùn mí dọ́kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti ọkọ mi jọ pinnu pé a ò ní sọ fẹ́nì kankan, pàápàá ìyá rẹ̀, tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu wọn.

Àṣírí náà rọrùn pa mọ́ títí èébì fi dáwọ́ dúró. Bó ṣe dáwọ́ dúró ni ebi gba ipò. Mọ́ínmọ́ín mẹ́rin ni mò ń jẹ kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bí a ṣe ń gun òkè Mápó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, síìpù síkẹ́ẹ̀tì mi já. Mo tú gèlè, mo fi gba ìdí, mo sì fi aṣọ ìnujú ọkọ mi bo orí wọlé. Tíṣà ni mí o.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé láìpẹ́ ọlẹ̀ á sọ, ìyẹn ni pé ọmọ á kọ́kọ́ mira nínú mi, ó sì lè dà bí afẹ́fẹ́ inú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ ayọ̀ ọmọ, tó jẹ́ pé mọ́ínmọ́ín ló ń rìn nínú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlùfáà ní ká dákẹ́ gbàdúrà, nǹkan kan rọra mì lábẹ́ ìdodo mi, ó tún mì.

"Ó ti sọ," ni mo ké, mo di ọkọ mi lápá mú.

Ọkọ mi, tí kò gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ rí, fò dìde. "Màámi ni? Mo mà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fẹ́nì kankan pé o lóyún."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú sí wa. Màámi dìde níwájú, wọ́n rọra wá jókòó tì mí.

"N ò sọ fẹ́nì kankan," ni wọ́n wí. "Láti oṣù kejì ni ọkọ rẹ ti wí fún mi, tí mo ti ń gbààwẹ̀. Ṣé ọlẹ̀ ló sọ?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màámi bú sẹ́kún, èmi náà sì ń sunkún, ìtìjú àti ayọ̀ dà pọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn tó máa ṣọ́ ẹnu ìyá ọkọ, kó kọ́kọ́ ṣọ́ tara rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni Màámi fi pa á mọ́. Èmi tí mo ni oyún àti ọkọ mi la ṣe ìfilọ̀, láàárín àdúrà. Bí mo bá rántí, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín.