Onílé Kì Í Bá Ayálégbé Jẹun

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, lọ́dún 2014, ní Jikwoyi, lẹ́bàá olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa. Ọláìtán, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Dámi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Wuse dé láti ibi sẹ́mínà tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń ra ilé láti fi gba owó ilé. Káàdì sẹ́mínà náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì jọ pé yóò gbé e sùn. Ẹfúnróyè ìyàwó rẹ̀, Màmá Dámi, aránṣọ, ti gbé ìyán sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú obìnrin náà tó gbóná ju ìyán lọ. Ní ọ̀sán, Alhaji Sàkáríyà, onílé wọn, wá sọ pé òun fẹ́ ta ilé tí wọ́n ń gbé yìí kí òun máa lọ sí Ìsẹ́yìn. Àwọn ni ó kọ́kọ́ fi lọ̀. Bí wọn kò bá dáhùn kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹlòmíràn ni yóò rà á. Owó tí tọkọtaya náà fi ọdún mẹ́sàn-án tù jọ wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé kan péré ló sì lè rà. Ó kù kí ọkọ jẹ́ kí ìyàwó rí ẹnu là.

MÀMÁ DÁMI: Ẹ káàbọ̀, Bàbá Dámi. Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Alhaji wá síbí lónìí, ó ní...

BÀBÁ DÁMI: Má dárúkọ onílé fún mi! Láti òní lọ, èmi náà ti di onílé.

MÀMÁ DÁMI: Ilé wo?

BÀBÁ DÁMI: Èyí tí a ó rà! Tíṣà wa ní kì í ṣe ilé tó wù ọ́ ni kí o rà. Ilé tí yóò máa bọ́ ọ ni.

MÀMÁ DÁMI: Ìyán tó fẹ́ bọ́ yín nìyí, ó ń tutù.

BÀBÁ DÁMI: Ìyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́.

MÀMÁ DÁMI: Ti ogún ọdún nìyẹn. Ti ìrọ̀lẹ́ yìí ti ń le.

BÀBÁ DÁMI: Gbọ́ ọ̀rọ̀, obìnrin yìí! Kwali!

MÀMÁ DÁMI: Kí ló ṣe Kwali?

BÀBÁ DÁMI: Ibẹ̀ ni a ó ra ilé sí. Ibẹ̀ kò wọ́n, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ̀. Kí ayé tó jí, a ti dé ibẹ̀.

MÀMÁ DÁMI: Ta ni yóò wá yá a gbé?

BÀBÁ DÁMI: Àwọn ará Kwali.

MÀMÁ DÁMI: Ilé ta ni àwọn ará Kwali ń gbé báyìí?

BÀBÁ DÁMI: Ilé baba wọn.

MÀMÁ DÁMI: Ẹ̀n-ẹ́n. Àgbẹ̀ tó ń gbé ilé baba rẹ̀, àti ìyá amọ̀kòkò tó ní àgbàlá tó fi ń sá ìkòkò, wọn yóò dìde, wọn yóò wá máa sanwó fún yín, nítorí pé ẹ lọ sí sẹ́mínà?

(Bàbá Dámi fa káàdì ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tún fà á sósì.)

BÀBÁ DÁMI: Tí a bá fi ọ̀dà tó dára kùn ún...

MÀMÁ DÁMI: Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lè máa ti Kwali tó jìnnà yẹn lọ sí ọ́fíìsì?

BÀBÁ DÁMI: Èmi? Kí n máa gbé Kwali? Kai! Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀!

MÀMÁ DÁMI: Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn yóò gbé e.

BÀBÁ DÁMI: Ẹlòmíràn kò lọ sí sẹ́mínà, kò mọ nǹkan kan. Ó dáa, jẹ́ ká fi Kwali sílẹ̀. Dei-Dei!

MÀMÁ DÁMI: Yauwa. Kí ló wà ní Dei-Dei?

BÀBÁ DÁMI: Ọjà sìmẹ́ǹtì! Ọjà páànù! Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, mo kàn máa na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, mo ti ra ìṣó.

MÀMÁ DÁMI: Ọjà ẹran náà ńkọ́?

BÀBÁ DÁMI: Òun náà wà níbẹ̀. Màlúù, àgbò, ewúrẹ́. Tíṣà ní ibi tí ẹsẹ̀ bá ti pọ̀ ni kí a ra ilé sí.

MÀMÁ DÁMI: Bàbá Dámi, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni tíṣà ń wí.

BÀBÁ DÁMI: (ó ti ń bínú díẹ̀) Àgbò sàn ju ayálégbé mìíràn lọ! Ṣé o rí àgbò tó jẹ onílé ní gbèsè rí?

MÀMÁ DÁMI: Rárá. Iléyá kì í jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

(Ẹ̀rín gba ẹnu Bàbá Dámi láìjẹ́ pé ó fẹ́. Ó na ọwọ́ sí ìyán. Màmá Dámi, tí ọ̀rọ̀ ti há sí lọ́fun láti ọ̀sán, rí i pé ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ wọlé.)

MÀMÁ DÁMI: Ilé kan wà tí wọ́n fẹ́ tà, ní Jikwoyi níbí.

BÀBÁ DÁMI: Jikwoyi? Ta ni ọlọ́gbọ́n tí yóò wá yá ilé gbé ní Jikwoyi?

MÀMÁ DÁMI: Ẹ̀yin ńkọ́?

BÀBÁ DÁMI: Tèmi yàtọ̀.

MÀMÁ DÁMI: Ayálégbé ti wà nínú ilé náà tẹ́lẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí.

(Ọwọ́ Bàbá Dámi dúró lókè àwo.)

BÀBÁ DÁMI: Ṣé ó máa ń san owó ilé?

MÀMÁ DÁMI: Kó tó di ọjọ́ tó yẹ ni ó máa ń san. Ó ní ojú ń ti òun.

BÀBÁ DÁMI: Hẹ̀! Irú wọn ṣì wà láyé?

MÀMÁ DÁMI: Ó wà. Bó bá di ọdún Kérésì, ó ń fi odindi adìyẹ ránṣẹ́ sí onílé. Bó bá di Iléyá, onílé á fi eegun ránṣẹ́ padà.

BÀBÁ DÁMI: Ó ń gba eegun?

MÀMÁ DÁMI: Ó ń dọ̀bálẹ̀ gbà á.

(Bàbá Dámi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé ìyán.)

BÀBÁ DÁMI: Omi ńkọ́?

MÀMÁ DÁMI: Kànga ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́, onílé ní òun ń bọ̀. Ayálégbé retí, retí, ó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe.

BÀBÁ DÁMI: Ó yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé, àbí?

MÀMÁ DÁMI: Rárá o. Ó ní kí àlàáfíà lè wà.

BÀBÁ DÁMI: (ó ń lu tábìlì) Kí àlàáfíà lè wà! Yéè! Ọmọ ibo ni ọkùnrin yìí?

MÀMÁ DÁMI: Ọmọ Ìkìrun.

BÀBÁ DÁMI: Ìkìrun tiwa? Ó ti bà wá lórúkọ jẹ́! Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

MÀMÁ DÁMI: Iṣẹ́ ìjọba.

BÀBÁ DÁMI: Iléeṣẹ́ wo?

MÀMÁ DÁMI: Tiyín.

BÀBÁ DÁMI: Tiwa! Má dárúkọ rẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n! Wálé ni! Wálé tó ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn! Láti ọjọ́ tí mo ti rí i tó ń dọ̀bálẹ̀ kí dírẹ́bà ọ̀gá ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é.

MÀMÁ DÁMI: Èmi kò dárúkọ ẹnì kan o.

BÀBÁ DÁMI: Ṣé ó níyàwó?

MÀMÁ DÁMI: Ó ní. Arẹwà ni. Ó ní làákàyè, ó sì ní sùúrù gan-an.

BÀBÁ DÁMI: Ó gbọ́dọ̀ ní in! Ta ni ó lè fẹ́ irú ọkùnrin yẹn láìní sùúrù? Màmá Dámi, ilé yìí ni a ó rà! Èèyàn kì í rí irú ayálégbé yìí lẹ́ẹ̀mejì láyé!

(Ó dìde. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó yọ ikùn síta, ó ń rìn yí tábìlì ká bí onílé tó wá wo ilé rẹ̀.)

MÀMÁ DÁMI: Ẹ ó ṣe wọ́n jẹ́jẹ́, àbí?

BÀBÁ DÁMI: Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Ọjọ́ tí mo bá gba kọ́kọ́rọ́ ni màá fi ìdajì lé owó ilé.

MÀMÁ DÁMI: Ìdajì! Ọkùnrin yẹn lè ṣubú lulẹ̀.

BÀBÁ DÁMI: Kó ṣubú síta, kó má ba ilẹ̀ ilé mi jẹ́. Màá sì gba ọdún méjì àsansílẹ̀.

MÀMÁ DÁMI: Bí kò bá ní i ńkọ́?

BÀBÁ DÁMI: Kó kó ẹrù rẹ̀! Ìyàwó lè dúró, nítorí ilé nílò ẹni tó ní làákàyè. Ọkùnrin náà ni kó máa lọ.

MÀMÁ DÁMI: Bóyá kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn. Kí ẹ bá wọn jẹun, kí ẹ fi ohùn tútù bá wọn sọ ọ́.

BÀBÁ DÁMI: Jẹun kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tíṣà sọ èyí fún wa: onílé kì í bá ayálégbé jẹun! Bí o bá ti tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò pẹ́nrẹ́n, ojú á máa tì ọ́ láti lé e.

MÀMÁ DÁMI: Mo gbọ́.

(Ó rọra fi ìdérí bo ọbẹ̀.)

MÀMÁ DÁMI: Àbùkù kan ló kàn wà lára ilé náà. Òrùlé jò lọ́dún kan, àjà sì lu. Onílé kò wá. Ọkùnrin náà gun àga, ó fi pátákó ìpolówó ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì dí ihò náà.

BÀBÁ DÁMI: (ó ti padà jókòó, ó di ikùn mú) Pátákó ìsọjí!

MÀMÁ DÁMI: Ó tún wá gbé e sódì. Títí di òní, "Wá gba ìdáǹdè rẹ" dorí kodò síbẹ̀ bí àdán.

(Bàbá Dámi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó gbé orí sẹ́yìn, ó la ẹnu sókè. Lókè orí rẹ̀ gan-an, lára àjà, WÁ GBA ÌDÁǸDÈ RẸ dorí kodò, ó ń wò ó. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀, bí jẹnẹrétọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀.)

BÀBÁ DÁMI: Màmá Dámi.

MÀMÁ DÁMI: Sà.

BÀBÁ DÁMI: Pátákó mélòó ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe fún ìsọjí yẹn?

MÀMÁ DÁMI: Ẹyọ kan. Ẹ̀yin ni alága ìpolówó.

BÀBÁ DÁMI: Wálé kọ́ nìyẹn.

MÀMÁ DÁMI: Wálé ti kọ́ ilé tirẹ̀ sí Karshi.

(Bàbá Dámi wo àjà, ó wo ìyàwó, ó tún wo àjà.)

MÀMÁ DÁMI: Ohun tí mo fẹ́ sọ látìgbà tí ẹ ti wọlé nìyẹn. Alhaji fẹ́ ta ilé yìí. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ká ti dáhùn. Ọkùnrin kan ti wá wò ó. Ó wo àjà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá rà á, òun yóò fi ìdajì lé owó ilé.

BÀBÁ DÁMI: Ìdajì?

MÀMÁ DÁMI: Àti ọdún méjì àsansílẹ̀.

BÀBÁ DÁMI: Ọdún méjì! Ìkà wo nìyẹn? Sí èèyàn tó níyàwó, tó lọ́mọ, tó ń fi adìyẹ ránṣẹ́! Níbo ló ti kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀?

MÀMÁ DÁMI: Irú káàdì yẹn wà lọ́rùn òun náà. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe tiwọn.

(Bàbá Dámi já káàdì kúrò lọ́rùn bí ẹni tí kòkòrò bà lé. Ó fa fóònù yọ, ó ń pe Alhaji. Kí Alhaji tó gbé e, ó ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.)

BÀBÁ DÁMI: (sínú fóònù, àyà rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì) Alhaji! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà! A ó ra ilé o! Owó wà lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù, lọ́jọ́ Ajé a ó gbà á jáde! Ẹ má tà á fún ìkà èèyàn yẹn o... Ẹ ṣé sà. Ẹ ṣé gan-an sà.

MÀMÁ DÁMI: Kí ni Alhaji wí?

BÀBÁ DÁMI: Ó ní òun gbà. Ó ní kí n dìde nílẹ̀.

(Màmá Dámi pariwo. Ó fa ọkọ rẹ̀ dìde, wọ́n jó yí tábìlì ká. Ayọ̀ pọ̀ débi pé obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.)

MÀMÁ DÁMI: Bàbá Dámi, tí ẹ bá rí bí ọkàn mi ṣe ń lù láti ọ̀sán! Mo ti rò pé ìta la ó sùn. Ẹnikẹ́ni kò lè lé wa mọ́!

BÀBÁ DÁMI: Ẹnikẹ́ni!

(Wọ́n jókòó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Bàbá Dámi tún kó sí káàdì tó wà nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó nù ún, ó fi kọ́rùn.)

BÀBÁ DÁMI: Ìṣòro kékeré kan wà.

MÀMÁ DÁMI: Kí ló tún dé?

BÀBÁ DÁMI: Tíṣà ní ilé tí kò bá mú owó ilé wá, ẹrù lásán ni. Bí àwa bá ń gbé inú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a ti pàdánù. Àfi kí a máa san owó ilé.

MÀMÁ DÁMI: Fún ta ni?

BÀBÁ DÁMI: Fún onílé. Fún èmi.

MÀMÁ DÁMI: Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló kó ìdajì owó náà wá. Kí ni èmi wá jẹ́?

BÀBÁ DÁMI: Ìwọ ni ayálégbé. Ayálégbé tó ní làákàyè!

MÀMÁ DÁMI: (ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀) Ẹ ṣé o, bàbá onílé.

(Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan gbé ìyán, ó fi ọwọ́ kejì gbé ọbẹ̀, ó kọrí sí kíṣìnnì.)

BÀBÁ DÁMI: Níbo lò ń gbé e lọ?

MÀMÁ DÁMI: Onílé kì í bá ayálégbé jẹun.

BÀBÁ DÁMI: Màmá Dámi! Mítípáì kan ṣoṣo ni mo jẹ láti àárọ̀!

MÀMÁ DÁMI: Bí ẹ bá tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ojú á máa tì yín láti lé mi.

(Òórùn ẹja gbígbẹ gba abẹ́ ìdérí jáde, ó kọjá níwájú imú Bàbá Dámi. Ó já káàdì, ó sọ ọ́ gba ojú fèrèsé.)

BÀBÁ DÁMI: Mi ò ṣe mọ́! Mo kọ̀ ọ́! Gba ilé! Ìwọ ni onílé, èmi ni ayálégbé! Gbé ìyán padà!

MÀMÁ DÁMI: Ṣé ó dá yín lójú?

BÀBÁ DÁMI: Ó dá mi lójú!

(Màmá Dámi gbé ìyán padà sórí tábìlì. Ó jókòó, ó ṣí ọbẹ̀. Bí Bàbá Dámi ṣe na ọwọ́, ó fa àwo sẹ́yìn.)

MÀMÁ DÁMI: Ọdún méjì àsansílẹ̀, kí ọwọ́ tó kan ìyán.

BÀBÁ DÁMI: Ọdún méjì! Bí mi ò bá ní i ńkọ́?

MÀMÁ DÁMI: Ẹ lọ sí Kwali. Ibẹ̀ kò wọ́n, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ̀.