Ilé Tí Gbénró Bú Tán Kí Ó Tó Rà Á

Ní ìparí oṣù tó kọjá, ẹjọ́ kan gun àtẹ̀gùn dé ààfin Baálẹ̀ wa. Mo ní ààfin, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Àjà kẹta ni, ní Barriera di Milano, ní Torino níbí, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè kì í sì í sábà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n palazzo ni àwọn ará Italy ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, palazzo náà ni wọ́n sì ń pe ààfin ọba. Olóyè Ajíbádé, tí àwa Yorùbá àgbègbè yìí fi ṣe Baálẹ̀, ò ṣe àṣìṣe kankan bó ṣe ń pe ilé rẹ̀ ní ààfin.

Mọ́yọ̀ọ̀lá ló pe ẹjọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn háyà yàrá méjì ní Chivasso, ìlú kékeré tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó òṣìṣẹ́ wá sí Torino láràárọ̀. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà Sofia, àkọ́bí wọn tí wọ́n bí síbí, ló tẹ̀lé e wá.

Gbénró ló pè lẹ́jọ́. Díákónì ni Gbénró ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú magazzino ńlá kan ló ti ń to ẹrù. Kò ta ilé rí láyé ẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ti dárúkọ àdúgbò fún un, á sọ iye tí ilé jẹ́ níbẹ̀, á sọ ìdí tó fi wọ́n, á sì sọ ìdí tí kò fi yẹ kó wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa là ń bi í.

Baálẹ̀ ní, "Mọ́yọ̀ọ̀lá, ro ẹjọ́ rẹ. Má pariwo o, aládùúgbò ìsàlẹ̀ wa ò fẹ́ ariwo."

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Bánkì gbà láti fún wa ní mutuo ká fi ra ilé. Mo bá lọ bá Díákónì pé kí wọ́n bá wa yẹ àdúgbò wò. Díákónì ni mo ń pè é nígbà yẹn. Lónìí, Gbénró ni."

"Ó yé wa. Kí ló sọ fún ẹ?"

"Ó mú wa yí gbogbo Chivasso ká. Ó ní lápá òkè, níbi tí àwọn dókítà ń gbé, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà, wọ́n kàn fi ilé ṣe èènì ni. Ó ní lápá ibi tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí wà, ilé pọ̀, oorun ni kò sí."

"Ẹ̀bá stazione ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tí ọkàn mi fẹ́, Baálẹ̀. Yàrá mẹ́ta, balcone fífẹ̀. Béèyàn bá jáde, ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin nìyẹn. Gbénró wọ inú ilé náà, ó fi ìka kan ògiri, ó mi orí. Ó ní ilé yìí ń mì bí ọkọ̀ bá ń kọjá. Ó ní omi ń rìn nínú ògiri. Ó gbàdúrà fún mi lórí àtẹ̀gùn pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n fi owó mi ra ìbànújẹ́."

"Àmín o," ni Ìyálóde Ràhímátù wí, kí wọ́n tó rántí pé ẹjọ́ là ń gbọ́. Àwọn ni igbá kejì Baálẹ̀.

"Mo fi ilé sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo gbójú sókè, mo rí Testimony, ìyàwó Gbénró, lórí balcone yẹn. Ó ń sá aṣọ."

"Bóyá ó lọ kí ẹnì kan níbẹ̀ ni."

"Baálẹ̀, ṣé èèyàn máa ń sá ṣòkòtò àwọ̀sùn ọkọ rẹ̀ nílé ẹni tó lọ kí ni?"

Gbénró dìde, ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Mo ra ilé náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n torí Sístà Mọ́yọ̀ọ̀lá ni mo ṣe rà á."

"Lọ́nà wo?"

"Mo mọ obìnrin yìí, Baálẹ̀. Bó bá ti fẹ́ràn nǹkan, kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Mo mọ̀ pé bí ilé yẹn bá ṣì wà lórí títà, ó máa padà lọ rà á. Mo gbàdúrà sí i. Ohùn kan sọ sí mi lọ́kàn pé, 'Gbénró, mú ewu yìí kúrò lọ́nà arábìnrin rẹ.' Ni mo bá rà á."

"O fi owó ra ewu."

"Mutuo ọgbọ̀n ọdún ni, Baálẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi máa jìyà nítorí ẹlòmíì."

Ìyálóde ní, "Háà, o ṣeun o. Irú ìfẹ́ yìí mà ṣọ̀wọ́n."

N ò mọ̀ bóyá yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Gbénró náà ò mọ̀. Ó tẹríba, ó dúpẹ́.

Sofia ní, "Ma sta scherzando?"

Baálẹ̀ ní, "Kí lọmọ yẹn wí?"

"Ó ní ṣé àwàdà ni wọ́n ń ṣe ni," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Sọ fún un pé ẹjọ́ ni."

Gbénró pe ẹlẹ́rìí. Jeremiah lorúkọ rẹ̀, òun àti Gbénró ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ilé yẹn ń mì, Baálẹ̀. Mo jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ife ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n."

"Kí ló wà nínú ife náà?"

"Kí pásítọ̀ má gbọ́ o. Wáìnì pupa díẹ̀ ni."

"Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá ni ife gbọ̀n?"

"Rárá o, sciopero wà lọ́jọ́ náà. Àwọn awakọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan tó kọjá títí ilẹ̀ fi ṣú."

Gbénró bo ojú.

"Jeremiah, ilé ló ń mì, àbí ìwọ?"

Ó rò ó dáadáa. "Àwa méjèèjì ni, Baálẹ̀."

Wọ́n ní kí Testimony bọ́ síwájú. Ọkọ rẹ̀ wò ó lójú títí, bí ẹni tó fẹ́ fi ojú kọ ọ́ ní ohun tó máa sọ.

"Testimony, báwo ni ilé tuntun yín?"

"Ẹ̀n, Baálẹ̀, ilé yẹn mà dáa o! Oòrùn ń wọlé títí di ìrọ̀lẹ́. Ilé ìdáná nìkan..."

Gbénró wúkọ́.

"...ìyà ń jẹ wá níbẹ̀, Baálẹ̀."

"Irú ìyà wo?"

Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀. "Balcone yẹn ti fẹ̀ jù. Gbígbá rẹ̀ ń rẹni."

"Pẹ̀lẹ́ o. Àwọn aládùúgbò ńkọ́?"

"Signora àgbàlagbà kan ló wà lókè wa, bí ìyá ló ṣe rí. Ó fẹ́ ta ilé tirẹ̀ kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Bologna. Bí tiwa ṣe rí gẹ́lẹ́ ni tirẹ̀ rí, àmọ́ owó tó ń pè ti pọ̀ jù. Ó ní ẹ̀bá stazione ti gbówó lórí."

Mọ́yọ̀ọ̀lá gbé orí sókè. Baálẹ̀ rí i.

"Mọ́yọ̀ọ̀lá, kí lo fẹ́ ká ṣe fún ẹ?"

Ohùn obìnrin náà yí padà. Ó ní, "Baálẹ̀, kì í ṣe ilé nìkan ló dùn mí. Inú ilé ìdáná ni Sofia ti ń kàwé, torí àwọn àbúrò rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn. Mo ti mú wọn débẹ̀, mo ti fi ibi tí ibùsùn kálukú máa wà hàn wọ́n. Nígbà tí mo wá fi ilé náà sílẹ̀, mo se ìrẹsì, mo gbé e lọ fún Gbénró, mo dúpẹ́ pé ó yọ mí nínú ewu. Ó jẹ ẹ́, Baálẹ̀. Ó ní kí n bù sí i."

Gbénró ń wo bàtà rẹ̀. Jeremiah pàápàá ṣíjú kúrò lára rẹ̀.

Baálẹ̀ àti Ìyálóde wọ ilé ìdáná lọ gbìmọ̀. A gbọ́ tí wọ́n ṣí fìríìjì. Nígbà tí wọ́n jáde, Baálẹ̀ nu ẹnu, wọ́n jókòó.

"Èmi kì í ṣe notaio tó ń ṣe ìwé ilé. Ilé tí notaio ti kọ sórúkọ Gbénró, mi ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ló ṣẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí, ẹnu ni mo máa rán níṣẹ́. Gbénró, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wàá mú Mọ́yọ̀ọ̀lá àti ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ signora òkè yín. Wàá fi ìka kan ògiri. Wàá mi orí. Gbogbo ohun tó o ti fẹnu ara rẹ sọ níwájú wa, wàá tún un sọ fún un, títí owó ilé yẹn á fi wálẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ Mọ́yọ̀ọ̀lá lè tó."

Gbénró fò dìde. "Baálẹ̀! Ilé kan náà ni! Òrùlé kan náà ni! Bí owó tòkè bá wálẹ̀, tèmi náà wálẹ̀ nìyẹn!"

"Kí ni tìrẹ tún fẹ́ wálẹ̀ sí? Ìwọ lo ní ó ń mì."

"Kò mì!"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Gbénró gbá ẹnu mú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó rọra kúnlẹ̀. "Kò mì, Baálẹ̀. Ilé tó dáa ni. Bí mo ṣe wọ ibẹ̀ ló ti wọ̀ mí lójú. Mo mọ̀ pé bí mo bá yìn ín, wọ́n máa rà á."

Ìyálóde ní, "Ó jẹ́wọ́. Ṣé ẹ máa dín ìyà rẹ̀ kù?"

"Ẹ jẹ́ ká fi kún un. Kó tó lọ, kó se ìrẹsì tiẹ̀ lọ fún wọn. Kí ẹran wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kó sè é o, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀."

Gbénró dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́yọ̀ọ̀lá. "Sístà, ẹ má bínú."

"Mo ti gbọ́," ni Mọ́yọ̀ọ̀lá wí. Kò sọ pé òun ti dárí jì í.

Sofia ló sọ fún wa bí ọjọ́ Mọ́ńdè ṣe lọ. Gbénró bú ilé náà débi pé òógùn bò ó. Signora fi sùúrù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní látọjọ́ tí òun ti ń gbé níbẹ̀, ògiri òun ò ṣe òun ní nǹkan kan rí. Àbùkù kan ṣoṣo tí ilé náà ní ni aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀, torí bó bá ń sọ irú nǹkan wọ̀nyí fún gbogbo ẹni tó bá wá wò ó, òun ò ní rí i tà títí òun á fi kú. Ó bojú wo Mọ́yọ̀ọ̀lá, ó bi í iye tó ní lọ́wọ́, wọ́n sì jọ sọ ọ́ débi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo rò pé ojú á ti Gbénró. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ojú mi ló rí i tí Baálẹ̀ fà á sẹ́yìn ọkọ̀ kan níta, tí wọ́n ń wo ọ̀tún wo òsì.

"Gbénró, ilé kan wà ní Moncalieri tí ìyàwó mi ń wò. Ṣé o ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Baálẹ̀, èmi náà?"

"Ìwọ náà ni. Ṣùgbọ́n má bú u jù o. Jẹ́ kó ku èyí tá a máa gbé."