Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí Tíágò Wá Jẹun

Yàrá kan ní Ìbà. Ẹ̀kọ́ yunifásítì ló gbé Tíágò wá láti Bràsíìlì, ohun tó sì ń wù ú jù láyé ni kí ará ilé má fi í ṣe àlejò mọ́. Basit, ọmọ Ọ̀jọ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ti yan ara rẹ̀ ní olùkọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

(Tíágò wọlé, ó ń fọwọ́ pa ikùn.)

TÍÁGÒ: Basit, mo ti di ọmọ Ìbà! Ẹnikẹ́ni tí mo bá bá nídìí oúnjẹ, "Wá jẹun" ni.

BASIT: Àṣà wa nìyẹn. Kí lo wá máa ń sọ fún wọn?

TÍÁGÒ: Ta ló ráyè ọ̀rọ̀? Mo máa ń fọwọ́, kí n jókòó.

BASIT: (Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.) O jókòó ti oúnjẹ olóúnjẹ?

TÍÁGÒ: Wọ́n pè mí! Lánàá, Ìyá Mùsítúrà ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Ẹja kan ṣoṣo ló wà nínú abọ́...

BASIT: Má sọ ọ́!

TÍÁGÒ: Ó dùn gan-an. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Ayọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

BASIT: Ayọ̀ kẹ̀? Abájọ tí gbogbo ilé fi ń tilẹ̀kùn jẹun!

TÍÁGÒ: Mo rò pé wọ́n ń sá fún ẹ̀fọn ni.

BASIT: Ìwọ lẹ̀fọn náà! Wọ́n kàn ń kí ẹ ni. Ẹni tó ń jẹun gbọ́dọ̀ pè ẹ́, ìwọ náà gbọ́dọ̀ ní, "Á gba ibi ire", kí o máa lọ.

TÍÁGÒ: Bí ebi bá ń pa mí ńkọ́?

BASIT: Á gba ibi ire.

TÍÁGÒ: Bó bá jẹ́ ẹran ewúrẹ́ ńkọ́?

BASIT: Gbé itọ́ mì, kí o wojú ọ̀nà. Á gba ibi ire! Ó yá, lọ bẹ Ìyá Mùsítúrà. Bí wọ́n bá fẹjọ́ sun bàbá onílé, àwa méjèèjì la máa kó jáde.

(Tíágò sáré jáde. Kò pẹ́ tó fi padà, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.)

BASIT: Wọ́n gbà?

TÍÁGÒ: Mo dọ̀bálẹ̀. Kí n tó lanu, wọ́n ní, "Tíágò, wá jẹun." Mo ní, "Á gba ibi ire."

BASIT: Ọmọ dáadáa!

TÍÁGÒ: Ni wọ́n bá fajú ro. Wọ́n ní ó pẹ́ táwọn ti ń pe ará ilé yìí wá jẹun, èmi nìkan ni mo jókòó rí. Torí mi ni wọ́n ṣe se ẹja kún ìkòkò lónìí. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi níwà àlejò?

BASIT: (Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.) O ò dárúkọ mi, àbí?

TÍÁGÒ: Mo dárúkọ ẹ. Wọ́n ní kí ìwọ náà wá jẹun.

(Basit ti ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì.)

TÍÁGÒ: Basit! Ṣebí "Á gba ibi ire" ló yẹ kí o sọ?

BASIT: Ọmọ Ọ̀jọ́ ló ń sọ ìyẹn. Láti ìsinsìnyí lọ, Bràsíìlì ni mo ti wá!