Opó Elépo àti Télọ̀ Rẹ̀

Ní ọdún 1986, nínú ọgbà àwọn ará Ìsẹ́yìn kan ní Koumassi nílùú Abidjan, Àtàndá télọ̀ nìkan ló gbọ́ Faransé dáadáa, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, òun ló ń túmọ̀ fíìmù Amẹ́ríkà fún gbogbo ilé níwájú tẹlifíṣọ̀n Mọ́síùrá, opó tó ń ta aṣọ lọ́jà. Fíìmù opó olówó kan ni, tó ní kànga epo, tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba gbogbo ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, Mọ́síùrá wọ ṣọ́ọ̀bù Àtàndá. Kò mú aṣọ kankan dání.

"Ẹ̀gbọ́n Àtàndá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹ̀rọ yẹn dúró. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan nípa fíìmù àná."

Àtàndá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Ẹ béèrè, Ìyá Sàdíà. Kò sí ibi tí kò yé mi níbẹ̀."

"Nígbà tí dókítà yẹ obìnrin yẹn wò tán, kí lẹ ní ó sọ?"

"Ó ní ọkọ ló kù tí kò ní."

"Ọkọ̀ àbí ọkọ? Mọ́tò mẹ́ta ló wà lẹ́nu ilé rẹ̀."

"Ọkọ, Ìyá Sàdíà. Ọkọ tí ń jẹun nílé."

"Irú ọkọ wo?"

"Télọ̀." Ojú abẹ́rẹ́ ló ń wò.

"Ibo ni wọ́n ti dárúkọ télọ̀? Tailleur ni àwọn ará ibí ń pè é. Mo fetí sílẹ̀ títí fíìmù fi parí, mi ò gbọ́ ọ."

"Tailleur, ti Abidjan nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo pétrole, pétrole?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ló wá kù? Pe télọ̀. Wọ́n ní kó pe télọ̀. Ahọ́n òyìnbó ló wúwo."

"Pétrole ni mò ń rà sínú àtùpà lọ́dọ̀ Fatimata alátẹ. Kò tíì bu télọ̀ fún mi rí."

"Èdè jinlẹ̀. Ẹ wo ọkọ àti ọkọ́, ṣebí ọmọ ìyá ni wọ́n. Síbẹ̀, èèyàn kì í gbé ọkọ lé èjìká lọ sóko."

"Ọkọ ẹlòmíì wúwo ju ọkọ́ lọ, kò sì lè ro ebè kan. Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń fò lójú ọ̀run ńkọ́, tó wọ pátá lé ṣòkòtò? Ẹ ní télọ̀ rẹ̀ ni wọ́n jí gbé, tó ń wá kiri. Kò sí fíìmù tí ẹ túmọ̀ tí télọ̀ ò sí níbẹ̀."

Àtàndá gbé téèpù ìwọnṣọ, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Sàdíà ọmọ mi, tó ń kàwé ní collège, ló là mí lójú láàárọ̀ yìí. Ó ní dókítà ò dárúkọ ọkọ. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ló ń ru, ó ní kó dín iyọ̀ kù."

"Faransé inú ìwé nìyẹn. Faransé ẹnu le jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mi ò bá yín jà. Bachirou ló wá sọ́dọ̀ mi."

"Àbúrò olóògbé? Èyí tó ń ru sìmẹ́ǹtì ní èbúté?"

"Òun ni. Ó ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n òun fún òun, kí n padà sí Ìsẹ́yìn. Ó kù díẹ̀ kí n nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí i, ni mo rántí ohun tí ẹ ní opó yẹn sọ."

"Kí ni mo ní ó sọ?"

"Ẹ ní ó sọ pé, 'Ọwọ́ tí mo fi bá ọkọ mi kó ọrọ̀ yìí jọ ò tíì kán. Bí o bá fẹ́ tìrẹ, lọ kó o jọ.' Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo wí fún un."

Àtàndá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi lálẹ́ ọjọ́ náà."

"Sàdíà ní obìnrin yẹn ò sọ ọ́. Ó ní ẹkún ló sun, tó sì kó kànga epo fún un."

Ohùn Àtàndá wálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá Sàdíà. Bó ṣe yẹ kó rí ni mò ń sọ. Mi ò mọ bó ṣe rí."

"Ta ló ń bínú? Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ó bi mí pé ta ni ọkọ tó máa dúró tì mí. Mo ní mo ti pe télọ̀."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àtàndá. "Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni?"

"Télọ̀ mélòó ló wà nínú ọgbà yìí? Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì, òun àtàwọn àgbà ẹbí, kí wọ́n wá fojú rí ọkọ."

"Tòun ti èjìká yẹn?"

"Kò ríbi gbé e sí."

Àtàndá wo ilẹ̀kùn, ó wo oòrùn. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oníbàárà. "Ọkùnrin tó ń fẹ́ opó inú fíìmù yẹn, kí ló ṣe nígbà tí àbúrò ọkọ dé?"

Mọ́síùrá fa àga kan, ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Sàdíà ní ó gba fèrèsé sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ túmọ̀ ibẹ̀ fún mi."