Ọjọ́ Tí Wọ́n Ná Mi Mọ́ Iṣu Tuntun

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi bọ̀rọ̀: ọjọ́ tí wọ́n mú mi jókòó sáàárín iṣu tuntun lọ́jà ìlú àna mi, tí àwọn èèyàn ń ná mi. Aránṣọ ni mí ní Ùsì nígbà náà, GSM kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Fúnkẹ́ tí mo fẹ́ fẹ́ wá láti ìlú kan tí kò jìnnà sí Ayégbajú. Bàbá rẹ̀ ti ní kó mú mi wá lọ́jọ́ ọjà ọdún. Tí ọkàn òun bá gbà mí, kí n lọ kó àwọn èèyàn mi wá. Tí kò bá gbà mí, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọjà ọdún wọn ní àṣà kan. Kí iṣu tuntun tó wọ ọjà, gbogbo ìlú á kọ́kọ́ fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀. Ọmọdé lè bú àgbà, ìyàwó lè bú ìyá ọkọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú, torí ìjà ọdún tó kọjá ni wọ́n ń fi ẹ̀rín lé lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń di èèyàn sínú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yìnbọn láàfin, ó parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ burúkú kankan kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Fúnkẹ́ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní bàbá òun fẹ́ràn ẹni tó bá lẹ́nu.

Ẹ wo èmi, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wá èébú tí mo máa bú àna mi. Mo ń ránṣọ, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Mo tún rán safárí tuntun fún ara mi, mo sì jẹ́ kó fún mọ́ mi lára dáadáa, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo mọṣẹ́.

Ará Adó ni dírẹ́bà ọkọ̀ tí mo wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ṣe kù díẹ̀ ká wọ̀lú, a gbọ́ gbàù. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo pé táyà ti bẹ́. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a yí ọkọ̀ po, a tẹ táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, a tún yẹ táyà sípíà wò. Kò sí èyí tó ṣe ohunkóhun. Dírẹ́bà wò mí tìkà-tẹ̀gbin, a sì ń lọ.

Nígbà tí mo délé wọn, Bàbá jókòó sọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣòkòtò mi ya lẹ́yìn, fàrà. Mo dìde, mo fọwọ́ kan bo ẹ̀yìn, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì sọ èyí tó dùn jù nínú àwọn èébú mi.

"Bàbá, imú yín yìí mà tóbi o. Tẹ́ ẹ bá sín níbí, àwọn ará Ùsì á sáré ká aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n á rò pé òjò ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fúnkẹ́ tó ń gbé omi bọ̀ gbé e sílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Ùbọn ti ró," Bàbá sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ùwọ ò gbọ́ ni?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ táyà tó yé mi.

Ẹni tó bá bú èèyàn lẹ́yìn ìbọn, ọjà ni wọ́n ń mú un lọ. Á jókòó sáàárín iṣu títí ẹnìkan á fi fi iṣu tuntun rà á, ẹni tí wọ́n bú ló sì ni iṣu náà. Tí ọba bá fi kúrò lọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò rà á, kó padà síbi tó ti wá, kó má sì wọ ìlú náà mọ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: Fúnkẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ ló ń polówó mi. Obìnrin kan yẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò, ó ní ó rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, kò lè kọ ebè. Òmíràn ní kí n dìde kí òun rí ìdúró mi. Mo kọ̀, nítorí ṣòkòtò. Ó ní, "Ó tún lágídí." Ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, ebi sì ń pa mí láàárín iṣu. Fúnkẹ́ sáré gbé iṣu kan dé, ṣùgbọ́n Ìyálọ́jà dá a padà. Ó ní, "Obìnrin kì í ra ọkọ ní ùlú yìí."

Nígbà tí ọba dìde tó fẹ́ máa lọ, omi ti ń lé sójú mi. Àfi bí Bàbá ṣe yọ, tó gbé iṣu kan síwájú mi.

"Mo rà á."

Ìyálọ́jà wò ó. "Ẹni tó bú yín?"

"Àwọn mẹ́ta ló ti wá wo ọmọ mi yìí," Bàbá dá a lóhùn. "Gbogbo wọn ló ní mo rẹwà. Eléyìí nìkan ló ríran."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Bàbá ní kí n gbé iṣu náà tẹ̀lé òun relé, torí òun ló rà, òun náà ni wọ́n bú. Bí mo ṣe dìde báyìí, gbogbo ọjà rí ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Wọ́n bi mí pé ta ló rán an. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá dé ìlú onílùú, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń lọ kí n tó lanu. Ìyá Fúnkẹ́ gún iṣu náà fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì jẹ ẹ́ yó. Gbogbo ọkọ ló ń san owó orí ìyàwó. Èmi nìkan ni mo mọ̀ tó ti jókòó jẹ owó orí ara rẹ̀, tó tún ní kí wọ́n bù sí i.